Ohun Tí D7 Kọ́ Mi: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò Yorùbá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo gbà pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí èmi kó láti ilé lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò Yorùbá ní ìgbà àkọ́kọ́ kò tó mi í lò rárá. Nígbà tí èsì ìdánwò WAEC wa jáde, mo gba kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo gbà á nínú Ìmọ̀ Bíbélì, mo sì gbà á nínú ẹ̀kọ́ nípa ìjọba. D7 ni mo bá níwájú Yorùbá. Èmi tí wọ́n bí ní Èkìtì, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Èkìtì, tí n kò gbọ́ èdè mìíràn lẹ́nu ìyá tí ó bí mi! Bàbá mi wo ìwé èsì náà títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àbí Yorùbá àwọn ará ibòmíràn ni wọ́n bi yín ni?” N kò mọ̀ nígbà náà pé àwàdà tí wọ́n ṣe yẹn súnmọ́ òótọ́.

Ọdún kan gbáko ni D7 náà gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo fẹ́ wá kọ́ ní Yunifásítì, kò sì sí bí wọn yóò ṣe mú ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì nínú Yorùbá. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, èmi jókòó sílé. Nígbà tí mo tún ìdánwò náà ṣe ní ọdún kejì, A1 ni mo gbà. Orí mi kò pé sí i láàárín ọdún kan. Ọ̀nà tí mo gbà múra ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ohun tí mo fi mú un wá ni pé púpọ̀ nínú wa ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà ìsinmi, àwọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yóò sì lọ dúró níwájú kíláàsì kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ náà máa ń bi wá kò ju ẹyọ kan lọ: “Bọ̀dá, kí ni kí n kà?” Lójú tèmi, ìbéèrè yìí gan-an ni ó ń ṣi wọ́n lọ́nà. Èmi náà kàwé ní ọdún tí mo gba D7. Mo ka ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n yàn fún wa ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo gbádùn rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, n kò sì mọ ibi tí mo ti ń ṣìnà.

Ibi tí àtúnṣe mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olùkọ́ àgbà kan ní àdúgbò wa, tí ó ti fẹ̀yìn tì, bi mí ní ìbéèrè kékeré kan: nínú fáwẹ́lì àìránmúpè méje tí a ní, èwo ni kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n ronú sí i. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ulé ńkọ́? Uṣu ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnu Èkìtì ni mo fi ń dáhùn! Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ilé, iṣu àti iṣẹ́ ni, fáwẹ́lì u kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí bàbá mi fi ṣe àwàdà ti ṣẹ. Yorùbá tí ìdánwò ń béèrè kì í ṣe ti ẹnu-ọ̀nà ilé wa nìkan, ẹni tí kò bá mọ ibi tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ti yà kúrò lára àjùmọ̀lò yóò máa pàdánù máàkì lórí ohun tí ó rò pé òun mọ̀ jù. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé o: n kò sọ pé kí ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ta ẹ̀ka-èdè rẹ̀ nù. Kí ó mọ̀ ọ́n sọ́tọ̀ ni mo wí.

Bàbá náà ni ó ní kí n ra ìwé kékeré kan, kí n máa pè é ní ìwé àṣìṣe. Gbogbo ohun tí mo bá ṣì ni kí n kọ síbẹ̀, kí n kọ èyí tí ó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú-ìwé kìíní gba ọ̀rọ̀ nípa u. Ojú-ìwé kejì dé ẹ̀karùn-ún kún fún àkọtọ́, nítorí Bíbélì àti ìwé orin tí a ń lò nílé wa jẹ́ ti àkọtọ́ àtijọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ìwé Yorùbá kíkà. Mo ń kọ enia dípò ènìyàn, aiye dípò ayé, yio dípò yóò, nwọn dípò wọ́n, obirin dípò obìnrin. Mo ń so nígbà tí, nítorí pé àti gẹ́gẹ́ bí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ èmi ṣì ń kọ̀wé bí àwọn bàbá ńlá mi. Kò sí olùyẹ̀wò tí yóò rí irú rẹ̀ tí kò ní fa igi sí i. Ẹ bá mi wo ìwé àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ó bá enia níbẹ̀.

Àmì ohùn ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ a máa rò pé ẹ̀ṣọ́ orí ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kíláàsì wa kan. Nínú ìdánwò ìgbaradì tí wọ́n fún wa ní ilé-ìwé, wọ́n ní kí a ṣàlàyé ìwúlò àrokò láyé àtijọ́. Ọmọ náà kọ ojú-ìwé méjì gbáko lórí oríṣiríṣi àròkọ: alápèjúwe, asọ̀tàn, alárìíyànjiyàn, gbogbo rẹ̀ pátá. Òdo ni ó gbà. Àròkọ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó kọ. Àrokò ni ìránṣẹ́ aláìlẹ́nu, bí ìgbà tí ènìyàn bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ láti fi sọ pé ọkàn òun fà sí i. Àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí mo gbà fi kọ́ àmì ohùn ni pé lójoojúmọ́, n ó mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé tí wọ́n fi àmì sí dáadáa, n ó dà á kọ láìfi àmì kankan sí i, n ó pa ìwé dé, n ó wá fi ẹnu pè é díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọrin dò-re-mí, n ó máa fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà ni n ó ṣí ìwé, n ó sì ka iye tí mo ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú tì mí. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti ń wá fúnra rẹ̀.

Ní ti gírámà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ há ìtumọ̀ sórí láìní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Bí ó bá ń kọ́ ìpàjẹ, kí ó mú ra àti ìwé, kí ó rí i pé nígbà tí wọ́n di ràwé, fáwẹ́lì i lọ ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró. Bí ó bá ń kọ́ ìyàtọ̀ láàárín arọ́pò-orúkọ àti arọ́pò afarajorúkọ, kí ó gbìyànjú láti fi àti so wọ́n pọ̀: èmi àti ìwọ bọ́ sí i, mo àti o kò bọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé mọ́. (Orúkọ tí ìwé kan pe àwọn nǹkan wọ̀nyí lè yàtọ̀ sí ti ìwé kejì. Àwa tí a wà ní Yunifásítì mọ̀ pé àwọn onímọ̀ gírámà wa kò fohùn ṣọ̀kan. Ẹ má kó ìjà yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ ku oṣù méjì.)

Òǹkà ni ó dùn mọ́ mi jù, bẹ́ẹ̀ ni òun ni mo ń sá fún tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé a ń há a sórí bí ìlà orin. Ìyá àgbà mi, tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, tí ó ń ta epo lọ́jà, ni ó là mí lójú. Wọ́n ní kí n mú ogún ní ìdìpọ̀: ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ mẹ́rin. Bí a bá yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́ta, àádọ́ta ni. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ọgọ́rin, àádọ́rin ni. Láti orí ení dé ẹ̀rin, à ń fi lé e. Nígbà tí ó bá di àrún, à ń yọ ọ́ kúrò lára èyí tí ó wà níwájú. Ìdí nìyí tí 44 fi jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, tí 45 sì jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Bákan náà ni 500 ṣe jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn ni pé ọgọ́rùn-ún dín nínú ẹgbẹ̀ta. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò inú rẹ̀ lè gbé òǹkà tí kò rí rí kalẹ̀.

Nínú lítíréṣọ̀ alohùn, ohun tí ń pa ọmọ lára ni àdàlù. Mo gé páálí sí kéékèèké. Mo kọ orúkọ ewì sí iwájú, mo kọ ẹni tí ó ni ín àti ibi tí a ti ń lò ó sí ẹ̀yìn. Ìjálá, ti ọdẹ àti Ògún. Èsà tàbí iwì, ti egúngún. Ìyẹ̀rẹ̀, ti Ifá. Ẹkún ìyàwó, ti ọmọge Ọ̀yọ́ tí ń lọ ilé ọkọ. Bọ̀lọ̀jọ̀, ti Yewa. Dadakúàdà, ti Ìlọrin. Ègè, ti Ẹ̀gbá. Àlámọ̀, ti àwa Èkìtì. Àbúrò mi a máa gbé páálí sókè bí a bá ń jẹun alẹ́, èmi a máa dáhùn.

Ti ìwé kíkà yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìwé tí ọmọ ń kà ni ìwé tí WAEC yàn fún ọdún tirẹ̀, nítorí wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn, mo sì mọ ẹni tí ó fi gbogbo ọdún ka ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lásán. Lẹ́yìn èyí, kí ó má ṣe máa sọ ìtàn fún olùyẹ̀wò. Ó ti ka ìwé náà. Ẹ jẹ́ ká fi eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá ní kí a jíròrò ìwà Ẹfúnṣetán, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìran kìíní tí ó ń rọ́ ọ bọ̀ kò tí ì dáhùn ìbéèrè. Kí ó sọ pé òǹrorò ni, kí ó mú ti Adétutù, ẹrú tí wọ́n pa nítorí pé ó lóyún, wá fi jẹ́rìí. Kí ó tún sọ pé ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ ọkàn rẹ̀ di òkúta. Ìwà kan, ẹ̀rí kan, kí a kọjá sí òmíràn.

Àṣà rọrùn fún ẹni tí ó bá ní àgbà nílé tí kò sì tijú láti béèrè. Àkíyèsí kan péré: àgbà yóò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tirẹ̀, nítorí náà kí ọmọ fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé kíláàsì.

Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́rin, mo kó ìbéèrè àtijọ́ ti ọdún mẹ́wàá jọ. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń gbé aago síwájú, n kò ní ṣí ìwé, n kò ní dìde. Ní ìgbà àkọ́kọ́, nínú 50 ìbéèrè kéékèèké tí mo dá yàn, 23 ni mo gbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe 27 yẹn wọ inú ìwé àṣìṣe mi, òun ni mo sì ń kà láàárín ọ̀sẹ̀, n kò ka èyí tí mo ti mọ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo gba 44. Bákan náà ni mo ń kọ lẹ́tà kan tàbí àròkọ kan lọ́sẹ̀, n ó sì kà á sókè fún ìyá mi, ibi tí wọ́n bá ti ní, “Kí lo wí?” ni gbólóhùn ti wọ́.

Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, kí ọmọ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn sílẹ̀ láti fi ka iṣẹ́ rẹ̀ fún àmì ohùn àti àkọtọ́ nìkan. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni ó kọ, kí ó wò ó bóyá àdírẹ́sì méjèèjì pé, bóyá àkọlé wà níbẹ̀, bóyá ó buwọ́ lù ú kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀.

Ìwé àṣìṣe mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánrawò lè wá yá a kí ó dà á kọ, ṣùgbọ́n kí ó tètè dá a padà, nítorí àbúrò mi tí ń gbé páálí sókè lọ́jọ́sí ni yóò ṣe ìdánwò ní ọdún yìí, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń retí rẹ̀.