Ṣé DNA Lè Sọ Pé O Kì Í Ṣe Awórì?

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ka ìwé ìtọ́sọ́nà kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi DNA wá orírun rẹ̀. Ní Ṣàngó Toll Gate la ti jiyàn lé e lórí. Òun ní ìwé náà dára gan-an. Èmi ò gbà. Èsì àyẹ̀wò tiẹ̀ ní apá kan orírun rẹ̀ wá láti "Benin àti Togo", ló bá ń bi màmá rẹ̀ bóyá Awórì ni bàbá òun lóòótọ́. Ẹ gbọ́ wàhálà!

Ohun tí ìwé yẹn fò nìyí: kò sí orúkọ orílẹ̀-èdè nínú itọ́ yín. Wọ́n kàn ń fi DNA yín wé ti àwọn èèyàn tó ti wà lọ́wọ́ wọn ni, wọ́n á wá méfò. Yorùbá sì pọ̀ ní Kétu, tó bọ́ sápá Faransé nígbà tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì pààlà ní 1889. Ṣé Toll Gate lè sọ Awórì Ọ̀tà àti Awórì Èkó di ẹ̀yà méjì ni?

Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, àmọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ṣì wà. Kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò: ó yẹ kí DNA wọn bára mu ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan. Ó ní òun á lọ bá wọn, àmọ́ kí òun kọ́kọ́ lọ bẹ màmá òun ná.