Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ta Ló ń Sanwó fún Ẹni tí ń Gbà Wá Nímọ̀ràn?

Àwọn kan nínú wa ní Igbóbì níbí ń bèèrè ẹ̀yáwó láti fi ra ìpín ilé-iṣẹ́, èyí tí à ń pè ní ṣíà. Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ẹ rà á.” Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́.

Bí ẹnì kan bá ń yin gàrí fún wa lọ́jà, a ó wádìí bóyá ẹni tó ni gàrí ló ń fún un ní làádà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìpín. Ẹni tó kọ ìmọ̀ràn lè jẹ́ òṣìṣẹ́ bánkì tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń gbé iṣẹ́ fún. Bí ó bá sọ òótọ́, ọ̀gá rẹ̀ lè pàdánù oníbàárà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà ní 2002, àṣírí tú pé àwọn òṣìṣẹ́ Merrill Lynch ń bú ìpín kan láàárín ara wọn, ìpín kan náà tí wọ́n ń yìn fún ará ìlú. Ilé-iṣẹ́ náà san 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ 10 gbà láti san nǹkan bí 1.4 bílíọ̀nù dọ́là. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé èrò ọkàn òun gan-an ni.

Nílé ńkọ́? Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín wa kọjá 66,000. Nígbà tó di oṣù kẹta 2009, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Ìyẹn ni pé 100,000 náírà di nǹkan bí 30,000. Ọ̀pọ̀ ló sì ti yáwó rà á. Ìpín já, gbèsè ò já.

Àjọ SEC ni ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ọjà yìí. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ló rọ́pò ti 2007. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC kò láṣẹ láti máa fi ìmọ̀ràn ìpín ṣiṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò ní kí ìmọ̀ràn má ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:
1. Ṣé ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC?
2. Ta ló ń sanwó fún un?
3. Ṣé òun tàbí ọ̀gá rẹ̀ ní ìpín yẹn lọ́wọ́, tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n á tà á fún?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín, kó fi owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ rà á. Owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, kó lọ sórí ọjà tí a lè fojú rí. Ẹ rántí pé ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Ó dìgbà ìpàdé.