Ohun Tí A Fi Ẹ̀sọ̀ Mú

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ káàárọ̀-oòjíire wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbààgbà kan ní ọjà Máìlì 12 ní Èkó, tí wọ́n fi ń ṣìpẹ̀ fún obìnrin kan tí ìṣó ara àpótí tòmátì gún ọkọ rẹ̀ alábàárù lẹ́sẹ̀, inú bí mi gidigidi.

Wọ́n ti tú ìyẹ̀fun kápúsù sójú egbò, wọ́n fi àkísà dì í. Ara gbóná, wọ́n ní ibà ni, ike àgbo sì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ẹní tí ọkùnrin náà wà, tí kò ru ẹrù kankan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní kí obìnrin náà ní sùúrù kí ilẹ̀ mọ́! Ìgbà tí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Sẹ́psìsì ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí. Kòkòrò àìsàn a gba ojú egbò, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ilé ọmọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wọlé, àwọn ọmọ ogun ara a sì dà bí ọlọ́dẹ ọjà tí ń lé olè kan ṣoṣo tí ó sì fọ́ gbogbo ìsọ̀ onísọ̀: wọn a ba kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ jẹ́. Nínú ìṣirò tí a ṣe fún ọdún 2017, nǹkan bí mílíọ̀nù 49 ènìyàn ni ó mú káàkiri àgbáyé, mílíọ̀nù 11 sì bá a lọ; nǹkan bí mílíọ̀nù 20 nínú àwọn tí ó mú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5.

Nítorí náà, bí ẹni tí egbò, ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru ń bá fínra, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bá ń gbọ̀n rìrì, tí èémí rẹ̀ yára, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò délé mọ́, tí kò tọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, bí ọmọ ọwọ́ bá kọ ọmú tó sì rọ jọ̀bọ̀, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà tàbí èyí tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ sì bi dókítà pé, “Ṣé kì í ṣe sẹ́psìsì nìyí?” Oògùn apakòkòrò àti omi tí a tètè fà sí i lára ni ó lè gbà á là.

Mo fara mọ́ òwe náà dé ojú egbò: ẹ fi ẹ̀sọ̀ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó mọ́. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ti yí padà, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú gan-an ni yóò bàjẹ́. Àwọn baba wa tó pa òwe yẹn ni wọ́n tún ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àgbà tó bá rántí èkíní tó gbàgbé èkejì, kí ó pa ẹnu mọ́ nílé aláìsàn, kí ó sì dá owó mọ́tò.