Màlúù Mélòó Ló Wà Níbẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ àpèjúwe méjì tí “and” so pọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ kan ṣoṣo, ẹ má tíì fọwọ́ kan bírò. Ẹ kọ́kọ́ ka iye nǹkan tí wọ́n ń sọ.

“A black and white cow”: màlúù kan ni, ó dú, ó sì funfun. “A black and a white cow”: méjì ni, dúdú kan, funfun kan. “A” kejì yẹn ló yà wọ́n. Ẹni tó bá fojú fò ó ti sọ ẹran kan nù fún darandaran.

Tó bá wá di “black and white cows” ńkọ́? Ó lè jẹ́ agbo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọ̀ méjèèjì, ó sì lè jẹ́ àwọn dúdú àtàwọn funfun tó dà pọ̀. Gírámà ò lè là á níbẹ̀. Ẹ ka ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá yé yín síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́. “Married and single women” ò le ní tirẹ̀: ta ló wà nílé ọkọ tí kò tún lọ́kọ?

Inú òfin ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Àtúnṣe kẹjọ sí òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wà láti 1791, ka “cruel and unusual punishments” léèwọ̀. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Harmelin, ọkùnrin kan tí wọ́n ká kokéènì mọ́ lọ́wọ́ ń bá ẹ̀wọ̀n gbére tí wọ́n dá fún un jà. Adájọ́ Scalia, ti ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, fèsì pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ilẹ̀ náà. Ọkùnrin náà pàdánù. “Or” ni òfin ìpilẹ̀ ìpínlẹ̀ California lò ní tirẹ̀. Ní 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní wọn ò ṣèèṣì kọ “or” yẹn, wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ ikú. (Àwọn olùdìbò dá a padà lọ́dún náà gan-an.)

Nítorí náà, fún “cruel and unusual punishments”, ẹ kọ “ìyà tó jẹ́ ìkà tó sì ṣàjèjì”. Bí ẹ bá kọ “ìyà ìkà àti ìyà àjèjì”, ẹ ti sọ ọ́ di ìyà oríṣi méjì, ẹ sì ti bá adájọ́ dá ẹjọ́ tí kò bẹ̀ yín sí. “Or” ni kí ẹ pè ní “tàbí”.