Iyára ni tàbí ìdúró? Ohun tí mo kọ́ nípa RAM lẹ́yìn tí mo ti náwó tán

Ọ̀rọ̀ RAM ni mo gbé wá lónìí, iná sì ti jó mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wà ní 300 level, ìyá mi ta iṣu ní ọjà Arámọkọ, ó sì fún mi nínú owó rẹ̀ kí n fi tún kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ṣe. Tòkunbọ̀ ni, Core i5-8250U ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM kan ṣoṣo, 4 GB, tó ń ṣiṣẹ́ ní 2400. Bí mo bá ṣí Android Studio, mo lè lọ pọnmi kí n padà dé kó tó ṣí tán. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ, wọ́n gbé RAM méjì síwájú mi, 8 GB ni méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ 2400, èkejì jẹ́ 3200, owó èkejì sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń tà á kò purọ́ fún mi. Èmi ni mo rò pé bí nọ́ḿbà bá ti tóbi, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo ra 3200. Mo tún yọ 4 GB àtijọ́ jù sínú dúrọ́ọ̀, torí mo ti gbọ́ pé RAM méjì tí kò bára mu kì í gbé pọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ sudo dmidecode -t memory sí Linux mi. Ó dá mi lóhùn: Speed 3200, Configured Memory Speed 2400. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yẹn kò gba ohun tó ju 2400 lọ. Nígbà tí mo lọ sílé, ìyá mi bi mí pé, “Ṣé ó ti ń yá báyìí?” Mo ní ó ti ń yá, mà. Irọ́ kọ́ o, àmọ́ 8 GB ló mú un yá. 3200 tí mo fi owó iṣu kún owó rà kò dá sí i rárá.

Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1968 ni Robert Dennard, ẹni tó ń bá IBM ṣiṣẹ́, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú RAM tí gbogbo wa ń lò: transistor kan àti capacitor kan fún bit kọ̀ọ̀kan. Agbè tó ń jò ni capacitor yìí. Iná inú rẹ̀ ń ṣófo, a sì gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ kún padà, láàárín ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà àti òpó bí ebè lóko. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ka nǹkan, yóò kọ́kọ́ ṣí ìlà tó wà, yóò mú ohun tó fẹ́ láti inú òpó, yóò sì pa ìlà náà dé kó tó lè ṣí òmíràn. Iná inú capacitor kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń kà á gbọ́dọ̀ ṣe sùúrù kó tó dá a lójú pé 1 ni tàbí 0. Ibẹ̀ ni ìdúró ti ń wá. Òun náà ni nọ́ḿbà bíi 22-22-22-52 tó máa ń wà lára RAM ń sọ. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni CL: iye ìgbà tí a ó kà kí dátà tó jáde láti inú ìlà tó ti wà ní ṣíṣí. Èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pariwo jù nìyẹn.

Ọmọ Èkìtì ni mí, iyán ni mo fi lóye rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń gúnyán. Ọmọ odó lọ sókè, ó bọ̀ sílẹ̀, ìró kan nìyẹn. DDR máa ń gbé dátà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìró kan: nígbà tí ọmọ odó ń lọ sókè, àti nígbà tó ń bọ̀. Nítorí náà RAM tí wọ́n pè ní 3200 ń dún ní bílíọ̀nù 1.6 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró kan gba 0.625 nanosecond. CL22 túmọ̀ sí ìró 22, èyí tó jẹ́ 13.75 nanosecond. RAM 2400 tó jẹ́ CL17 ńkọ́? Ìró rẹ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́tàdínlógún péré ló fẹ́ kà: 14.17 nanosecond. Ẹni kan ń gún kíákíá títí dé 22, ẹnì kejì ń fà á títí dé 17, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ parí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò tiyín, ẹ sọ CL di ìlọ́po 2000, kí ẹ fi iyára pín in.

Ẹ wo DDR3-1600 CL11 tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́: 13.75 náà ni. Iyára ti di ìlọ́po méjì láti ìgbà yẹn, ìdúró kò kúrò lójú kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjerò, ń to kọ̀ǹpútà orí tábìlì tirẹ̀. Òun ló máa ń ya fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ryzen 5 5600 ló rà, ó sì wá bá mi pẹ̀lú RAM mẹ́ta: 3200 CL22, 3200 CL16 àti 3600 CL18. A jọ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ 13.75, àwọn méjì yòókù jẹ́ 10 géérégé. Ẹ ò rí i pé orúkọ kan náà, 3200, ń bo ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀? Láàárín méjì tó kù, ìdúró dọ́gba, ṣùgbọ́n 3600 ń gbé 28.8 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí 3200 ti ń gbé 25.6. Iṣẹ́ fídíò jẹ́ dátà tó ń wọ́ tẹ̀ léra bí odò, mo ní kó mú 3600 bí owó kò bá jìnnà síra. Ó mú un. Ó tan ẹ̀rọ, 2133 ló rí, ó sì pè mí tìbínú-tìbínú. Kò tíì ṣí XMP nínú BIOS ni. Bí a kò bá ṣí i, RAM á máa rìn bí ọmọlúàbí, kò ní sáré. (Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tánńganran tó wà nínú ilẹ̀ Ìjerò ni irú èyí tí wọ́n fi ń jó RAM mọ́ pátákó rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.)

Ìdúró tó kéré wúlò jù níbi tí iṣẹ́ ti ń fò kiri. Ẹ rántí linked list tí a kọ́ ní 200 level: ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ wà. Gbogbo fífò bẹ́ẹ̀ ló ń san owó ìdúró, àfi tí cache bá gbà yín. Array kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń tò lọ ní ìlà kan. DDR5-4800 CL40 yóò dúró fún 16.67 nanosecond, ó burú ju DDR4 dáadáa lọ, síbẹ̀ 38.4 GB ló ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì pọ̀ lè wá 6000 CL30, ṣùgbọ́n kó mú owó dání.

Ní ti Àǹtí mi tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ wọn. Mo ní kí wọ́n ra RAM tó rọjú jù tí ẹ̀rọ wọn bá gbà, kí wọ́n fi owó tó kù ra SSD.

Àwa tí a ń lo alágbèéká, BIOS wa kì í sábà jẹ́ kí a fọwọ́ kan CL tàbí XMP. Ohun tí ọpọlọ ẹ̀rọ bá gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye ojúhò RAM tó wà. Ọmọ odó méjì nínú odó kan ni ojúhò méjì: RAM 2400 méjì ń gbé 38.4 GB, 3200 kan ṣoṣo kò sì lè gbé ju 25.6 lọ.

Nígbà tí èyí yé mi ni mo rántí dúrọ́ọ̀. Mo dá 4 GB àtijọ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ 8 GB. Wọ́n jọ ń rìn ní 2400, 4 GB níbí so pọ̀ mọ́ 4 GB lọ́hùn-ún, 4 GB tó kù ń dá rìn. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò mi. Mo ṣí Android Studio, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó sì ti ṣí tán kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.