Títún Àkọsílẹ̀ Ẹyẹ Ṣe Nínú Àká Àjùmọ̀lò

Ohun tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò níhìn-ín lè má jọ ẹ̀kọ́ Yorùbá lójú kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n bí a bá dé àárín rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Láti ọdún 2015 ni àwọn ènìyàn ti ń kọ ẹyẹ ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan tí a ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis tí ó wà ní Jos ni ó ń darí rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ yìí sí ègé onígun mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9 ní òró àti 9 ní ìbú. Púpọ̀ nínú Akoka, Yaba àti Mushin ni ó bọ́ sínú ègé kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yóò rìn nínú ègé kan fún wákàtí 2 ó kéré tán, yóò sì kọ gbogbo ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ sínú fóònù.

Àṣìṣe kò lè ṣe aláìwọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ibi tí a dúró sí ni ó rọrùn jù láti rí. Akoka wà ní nǹkan bí dígírì 6.52 sí àríwá àti 3.40 sí ìlà-oòrùn. Bí ẹnì kan bá gbé nọ́ńbà méjèèjì fún ara wọn, inú òkun ni ẹyẹ yóò bọ́ sí, ní gúúsù ẹnu Odò Ọya. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé ẹ̀gà kì í so ìtẹ́ sí orí omi òkun.

Ti aago fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Movebank, àká tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì ń tọ́jú fún ìrìn ẹranko àti ẹyẹ, aago UTC ni ó ń lò. Wákàtí 1 ni aago tiwa fi ṣíwájú rẹ̀. Bí a bá fi aago Èkó ránṣẹ́ láìyọ wákàtí náà, lékèélékèé tí ó ń lọ sùn ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ yóò di èyí tí ń fò ní agogo méje ààbọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹnì kan lè kọ ìwé lórí rẹ̀ pé iná ìlú ti yí ìwà lékèélékèé padà!

Orúkọ ni ó wá kàn wá jù. Igún tí a mọ̀ ní ẹ̀bá ọjà, Necrosyrtes monachus, ni àjọ IUCN ti kà mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu ìparun tí ó le jù lọ láti ọdún 2015. Ọ̀kan mìíràn wà, Gypohierax angolensis, tí ó fẹ́ràn ẹyìn ọ̀pẹ, tí ara rẹ̀ sì máa ń funfun bí ó bá dàgbà tán. Èyí kò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fara balẹ̀ lè pe òun náà ní igún. Bí àkọsílẹ̀ láti etí ọ̀sà Akoka bá pe ìkejì ní ti àkọ́kọ́, máàpù yóò sọ pé igún ọjà ṣì ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí owó ààbò ẹyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì gbà pé kò sí ohun tí ó sọnù. Ẹni tí ó bá sì ń kọ orúkọ Yorùbá sínú fáìlì, kí ó fi í pamọ́ ní UTF-8, kí àmì ohùn má baà dàrú. Láìsí àmì, awó tí a ń jẹ kò yàtọ̀ sí awo tí a ń bò.

Ọ̀pọ̀ rò pé bí a bá ti rí àṣìṣe, kí á sáà tún fáìlì náà fi ránṣẹ́ ni ó kù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, agbo ẹyẹ kan ṣoṣo yóò di méjì. Bí a bá sì pa á rẹ́ pátápátá, ẹni tí ó ti mú un lọ ṣe ìwádìí kò ní mọ ìdí tí iye tirẹ̀ kò fi bá tiwa mu mọ́. Movebank fún ni láàyè láti sàmì sí ìlà tí kò tọ́, kí ó má wọ ìṣírò, láìyọ ọ́ kúrò. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀. Àwa tí a ń gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ mọ irú rẹ̀: a kì í sọ téèpù nù nítorí pé a tún àdàkọ rẹ̀ ṣe. Ní GBIF, níbi tí àkọsílẹ̀ ohun ẹlẹ́mìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń pàdé, ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí kò gbọdọ̀ yí padà nígbà àtúnṣe, nítorí bí ó bá yí, ẹ̀rọ yóò kà á sí àkọsílẹ̀ tuntun.

Ó yẹ kí lẹ́tà kékeré bá fáìlì àtúnṣe lọ. Irú rẹ̀ nìyí: “Ìlà 12 sí 47: a yọ wákàtí 1 kúrò, nítorí aago Èkó ni a fi kọ ọ́. Ìlà 51: a fi Gypohierax angolensis rọ́pò Necrosyrtes monachus, nítorí ara ẹyẹ náà funfun nínú fọ́tò. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kò yí. Fáìlì yìí ni kí ẹ lò dípò ti ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin.” Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ kọ ọjọ́ náà ni. Bí a bá kọ 03/04, oṣù kẹta ni lójú ará Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin ni lójú tiwa.