Má ṣèlérí lójú ọ̀fọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ ti wo fíìmù Aníkúlápó. Láti ọdún 2022 tó ti jáde lórí Netflix lẹ ti ń fi yangàn ní Òkèhò níbí, nítorí Igbójàyè tí Kúnlé Afọláyàn kọ́ abúlé eré rẹ̀ sí, ìlú Òkè-Ògùn bíi tiwa ni. Ẹ mọ Sàró, ẹ mọ Arọ́lákẹ́ ìyàwó rẹ̀, ẹ mọ ẹyẹ àkàlà àti àdó tí Sàró fi ń jí òkú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kan nínú yín dárúkọ Ọmọ́wùnmí.

Ọmọ ọba lọmọ náà. Arákùnrin rẹ̀ kú. Omijé ò tíì gbẹ tí Sàró fi ń dá iye lé iṣẹ́ rẹ̀: bí wọ́n bá fẹ́ kí òkú dìde, kí wọ́n fún òun ní Ọmọ́wùnmí fi ṣaya. Ẹlòmíràn sì lọmọbìnrin yìí ń fẹ́. Bàbá rẹ̀ gbà. Òkú kan sùn sílẹ̀, wọ́n wá ń fi ọmọ tó kù dúnàá-dúrà! Arọ́lákẹ́ ti ba agbára àdó jẹ́, òkú ò jí, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ sí Sàró. Nínú apá tó tẹ̀lé e lọ́dún 2024, wọ́n dá Sàró padà sáyé lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé kó wá kó àwọn òkú tó ti jí dìde padà sọ́run. Ìyẹn dùn ún wò, àmọ́ Ọmọ́wùnmí ni mo ń bá lọ.

Torí mò ń rí irú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé wa, láìsí àdó kankan. Bí ọ̀dọ́ bá kú, àwọn ìyá àgbà á gba ìyá rẹ̀ mú sí yàrá, wọn ò ní jẹ́ kó rí sàréè. Gbogbo ayé á máa kí i kú ìrọ́jú. Àbúrò olóògbé ńkọ́? Òun ló ń pọnmi, òun ló ń tẹ́ ẹní, òun ló ń yá bẹ́ǹṣì ládùúgbò. Omijé ò ní tíì gbẹ lójú rẹ̀ tẹ́nì kan á fi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Mọ́kàn le o. Ìyá ẹ ń wò ẹ́. Ìwọ ló kù.” Kò pẹ́, wọ́n á ní kó fi Pólì tó ń lọ ní Ṣakí sílẹ̀, kó wá tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á ní kó ṣú opó. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti kọ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún ẹbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ, ọmọ ẹ ni. Wàá gbọ́ bùkátà rẹ̀ débi tágbára ẹ mọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń sunkún ò yẹ kó máa ṣèlérí. Kúnlẹ̀, tàbí kó o dọ̀bálẹ̀, kó o wí pé: “Ẹ̀yin bàbá mi, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ọjọ́ ogójì ná.” Má fi kún un. Bí wọ́n bá ta kú, gba ilé ìyá rẹ lọ, kó o mú àgbà kan níbẹ̀ tí yóò bá ọ jókòó ní ìpàdé ẹbí. Kẹ́ ẹ tó jókòó, lọ sunkún ẹ̀gbọ́n ẹ. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ sun ún.